Akọ Kan àti Abo Mẹ́rin ní Yàrá Aṣọ

Ìgbà ìkẹyìn tí Mùlíkàt gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, dòdò ló ń dín. Fóònù dún lára ògiri ìdáná, ó fi èjìká há a mọ́ etí, ó ń fi ọwọ́ yí dòdò padà. Mùtàlíbù ni, láti ilé ìwòsàn. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, àmọ́ kò béèrè bí ara ìyàwó ṣe rí, kò sì sọ bí tirẹ̀ náà ṣe rí. Ọ̀rọ̀ àwọn ewé tó wà nínú yàrá aṣọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

"Ìyá Hidayah, ṣé o bu omi fún wọn?"

"Mo bu ú."

"Iná wọn ńkọ́? Ṣé o tàn án láàárọ̀?"

"Mo tàn án, Bàbá Hidayah. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ti ara yín."

"Ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ là ń sọ. Gbọ́. Láìpẹ́, wọ́n á fi ara wọn hàn. Èyí tó bá so kóró róbótó-róbótó sí abẹ́ apá, tí kò yọ irun funfun, akọ nìyẹn. Fà á tu tìdí-tìdí. Má ṣàánú ẹ̀. Tó bá fi lè bá àwọn abo gbé, iṣẹ́ wa ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Mo gbọ́."

"Wí i kí n gbọ́."

"Tí mo bá rí akọ, màá fà á tu."

Ó gbọ́ bí òróró ṣe ń ta. "Kí lò ń dín?"

"Dòdò."

"Jẹ díẹ̀ fún mi," ló wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mùlíkàt jẹ mẹ́ta fún un. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ilé ìwòsàn tún pè. Nọ́ọ̀sì ló sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Oṣù kẹta ọdún 1997 ni.

Ó yẹ kí á sọ irú ẹni tí Mùtàlíbù jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọmọọ̀ta ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Laurel, ní Amẹ́ríkà. Kò mu sìgá rí láyé rẹ̀. Bí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn bá tanná sí sìgá níwájú ilé, Mùtàlíbù á ti fèrèsé, á wá máa wúkọ́ títí ẹni náà á fi tọrọ àforíjì. Ìgbà tí jẹjẹrẹ wọ inú rẹ̀, oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára kò jẹ́ kí oúnjẹ dúró nínú rẹ̀. Ògì kò dúró. Omi gan-an kò dúró. Ẹnì kan wà tí wọ́n jọ ń wa bọ́ọ̀sì, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ kan tó ti jagun Vietnam, Sájẹ́ntì ni gbogbo wọn ń pè é. Irú àìsàn yìí ló pa ìyàwó rẹ̀. Òun ló sọ fún Mùtàlíbù pé igbó ló ń jẹ́ kí obìnrin náà rí oúnjẹ jẹ ní gbogbo ìgbà tó fi wà lórí ìdùbúlẹ̀. Ó fẹ́ bá a rà á. Mùtàlíbù kọ̀.

"Bí mo bá rà á, ọ̀daràn ni mí," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Bí mo bá gbìn ín, àgbẹ̀ ni mí."

Òfin ìpínlẹ̀ Maryland kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, àmọ́ Mùtàlíbù kò bi í léèrè.

Sájẹ́ntì fún un ní kóró méjìlá nínú bébà ìnujú, àti ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Mùtàlíbù fi ka ìwé náà. Ó wá kọ gbogbo òfin rẹ̀ ní Yorùbá sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí, ó kàn án mọ́ inú ilẹ̀kùn yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ sí. Ó kó agbádá rẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé iná gbọọrọ méjì kọ́. Nínú kóró méjìlá, márùn-ún hù, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú garawa ọ̀dà tó ti ṣófo. Wọn kò tíì ga tó ìka ọwọ́ nígbà tí wọ́n gbé Mùtàlíbù lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ọkọ Mùlíkàt ṣe kú nìyẹn tó fi oko sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wá, Alhájà Falilat ló ṣáájú wọn. Ìyá Àdínì ni Falilat, ìyẹn olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, ó ju Mùlíkàt lọ ní ọdún mẹ́sàn-án, kò sì gbójú fo nǹkan kan. Ó jókòó, ó ka òfin opó lé e lórí: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú ilé. Kò gbọdọ̀ lé tìróò. Kò gbọdọ̀ lo lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ jó tùràrí. Ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́.

"Ṣé o ní ìbéèrè?" Falilat bi í.

Mùlíkàt ronú nípa yàrá aṣọ. Kò rí ibi tí ìbéèrè náà ì bá ti wọlé.

"Kò sí, Alhájà."

Iṣẹ́ irun dídì ni Mùlíkàt ń ṣe. Ìwé mẹ́ta ló kà ní Ìṣẹ́yìn kí ìyá rẹ̀ tó ní kó wá di ìpàkọ́ èèyàn mú. Ó lè ka Yorùbá bí ẹnikẹ́ni kò bá kán an lójú. Èdè òyìnbó tó gbọ́ kò ju èyí tó lè fi ní kí oníbàárà jókòó, kó yíjú, kó má sunkún. Bí àwọn tó wá kí i bá ti lọ tán, á gbé àpótí sí ẹnu yàrá aṣọ, á máa fi ìka tẹ̀ lé ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ.

Òfin kìíní ní kó gé orí ewé náà kó lè ya ẹ̀ka. Mùlíkàt wo kàlẹ́ńdà náà dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin yìí fi kàwé kó tó mọ ohun tí ẹnikẹ́ni tó ti ká ewúro rí mọ̀. Ó gé e.

Òfin kejì ní kó tẹ ẹ̀ka wálẹ̀, kó so ó, kí iná lè dé gbogbo ara rẹ̀. Mùtàlíbù ti fi wáyà gbìyànjú rẹ̀ lára ọ̀kan, ewé náà sì dúró bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Mùlíkàt tú wáyà náà sọnù. Ó mú òwú dúdú tó fi ń kó irun, ó mú òòyà tó fi ń la irun, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé garawa sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì bó ṣe máa ń gbé orí ọmọdé síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ṣùkú ló kọ́kọ́ dì fún wọn. Ó kó gbogbo ẹ̀ka jọ sókè láàárín orí, ó wú u lórí gan-an. Lọ́jọ́ kẹta, ewé inú ti ń pọ́n, nítorí iná kò rí ibi wọlé. Ó tú u. Ó la ọ̀nà láàárín, ó pín wọn sí ẹ̀gbẹ́, ó tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi òwú dè wọ́n mọ́ etí garawa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tẹ́ bẹẹrẹ, ẹ̀ka kéékèèké sì ń yọ láti ìdí kalẹ̀. Ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

"Fara balẹ̀, ó ti ń parí. Ìwọ lo ní kí n dì í wẹ́wẹ́."

Ọjọ́ kan, ó fa òwú le jù, ẹ̀ka kan ṣẹ́. Ó fi òwú náà wé e, lọ́jọ́ karùn-ún ó ti jinná. Kò sí oníbàárà kankan tó tètè dárí jì í tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Hidayah, ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Largo, ó máa ń wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá aṣọ pé òun fẹ́ mú kóòtù. Ó tì í padà.

"Mọ́mì."

"Ẹ̀n."

"Kí ni mo rí níbẹ̀ yẹn?"

"Ewé bàbá ẹ."

"Mi ò rí nǹkan kan o. Wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì mi kí wọ́n tó fún mi."

"Ṣebí o ní o ò rí nǹkan kan."

"Mi ò rí i."

"Kí lo wá ń pariwo sí?"

Ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n fi ara wọn hàn bí Mùtàlíbù ṣe wí. Mẹ́rin yọ irun funfun. Èyí tó kù, tó ga ju gbogbo wọn lọ, so kóró róbótó-róbótó sí abẹ́ apá. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó tẹrí síwájú díẹ̀, bí ẹni tó ń wo dígí bọ́ọ̀sì kó mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ti jókòó.

Mùlíkàt di ìdí rẹ̀ mú. Ó fi í sílẹ̀. Ó lọ po tíì. Ó mu ún tán, ó padà wá, ó tún dì í mú.

Ó wá kà wọ́n: abo mẹ́rin, akọ kan. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré, kò rí ibi tí wọ́n ti ní ìyẹn burú. Ìyàwó mẹ́rin kò kọjá ohun tí wọ́n fàyè gbà. Ara àwọn ìyàwó le, ọkọ kò lu ẹnikẹ́ni, ilé tòrò. Kí ló wá fẹ́ rí sọ fún àwọn ìyàwó náà tó bá gbé òkú ọkọ wọn jáde? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀kan jáde lóṣù tó kọjá ni, kò sì tíì rí àlàyé tìyẹn náà ṣe.

Ó ní òun á fà á tu lọ́la. Ọ̀la dé, ó ní ọ̀túnla. Lọ́túnla, ó gbé garawa akọ sáàárín, ó tú orí àwọn abo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì di kojúsọ́kọ fún wọn, kí gbogbo wọn lè kọjú sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni Sájẹ́ntì gbé àpò iyẹ̀pẹ̀ wá. Òun ló ṣèlérí fún Mùtàlíbù pé òun á máa bojú wo iṣẹ́ náà, àmọ́ opó kò gba ọkùnrin àjèjì lálejò, nítorí náà ìta ló ń dúró sí. Mùlíkàt á ṣílẹ̀kùn níwọ̀n ìbú ọwọ́, Hidayah á dúró láàárín, á máa túmọ̀.

"Mọ́mì, ó ní ṣé àwọn nǹkan yẹn ń ṣe dáadáa?"

"Ní ara wọn le, wọ́n ń kí i."

"Ó ní ṣé ẹ ti yọ akọ?"

Mùlíkàt wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Sọ fún un pé mo mọ ibi tó wà."

Hidayah, tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn lẹ́nu ọ̀nà, ní bẹ́ẹ̀ ni. Sájẹ́ntì ní Ọlọ́run á bù kún obìnrin tó ní ìgboyà, ó gbé iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀, ó lọ.

Oṣù karùn-ún ni òórùn bẹ̀rẹ̀. Òórùn tó le ni, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sí pálọ̀. Ẹlòmíràn ì bá jó tùràrí, ṣùgbọ́n Falilat ti ka tùràrí mọ́ ohun tí opó kò gbọdọ̀ jó, bẹ́ẹ̀ ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun ló sì ń wá wò bóyá ó ń pa òfin mọ́. Mùlíkàt gbé irú kaná. Láàárọ̀, irú. Lọ́sàn-án, irú. Ó ń sè é lórí iná kékeré láìfi nǹkan kan sí i. Ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú kan wà lára àwọn ewé lásìkò náà, ó rò pé eruku ni, ó fi aṣọ tútù nù ún.

Alábòójútó ilé kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan tí Hidayah wà nílé láti túmọ̀. Ó ní àwọn aládùúgbò ti fẹjọ́ sùn.

Mùlíkàt wo ilẹ̀kùn yàrá aṣọ. "Ẹjọ́ kí ni?"

Ọkùnrin náà fi ìka dí imú, ó nawọ́ sí ìdáná. Ó ní ohunkóhun tó kú sínú ìkòkò yẹn, kó jọ̀wọ́ gbé e sọnù. Mùlíkàt tọrọ àforíjì tọkàntọkàn. Ọkùnrin náà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ibi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ sí yàrá aṣọ, ó kọ ìkìlọ̀ fún un nípa irú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Falilat wọlé, ó tẹsẹ̀ dúró, ó fín imú.

"Mùlíkàt, kí ló ń rùn?"

"Irú ni, Alhájà."

"Mo mọ irú. Nǹkan míì wà nísàlẹ̀ irú yẹn."

"Irú náà ni. Ó ti pẹ́ ni."

Falilat la ẹnu kó bá a wí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kọ́ ló jáde. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sí ilé ìwẹ̀. Mùlíkàt gbọ́ bó ṣe ń bì. Kò bì bí ẹni tí òórùn rí lára. Irú èébì yẹn, tí kò rí nǹkan kan gbé jáde, tí kò sì gbà láti dáwọ́ dúró, oṣù márùn-ún ni Mùlíkàt fi gbọ́ ọ nínú ilé yẹn. Ó tẹ̀ lé e wọlé. Ìborùn Falilat ti bọ́ sílẹ̀. Kò sí irun kankan lórí rẹ̀.

Mùlíkàt tó ti di irun fún ọgbọ̀n ọdún wo orí náà. "Láti ìgbà wo, Alhájà?"

"Oṣù kejì. Jẹjẹrẹ ọmú ni." Ó nu ẹnu. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n á máa wá kí mi."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló kù tí wọ́n á fà á sí yín lára?"

"Ó di oṣù kejìlá kó tó parí. Ọjọ́ mẹ́rin nìyí tí mi ò jẹun. Kì í ṣe ààwẹ̀."

Mùlíkàt fa ìborùn náà mọ́ ọn lórí. Ó mú un lọ́wọ́ lọ sí yàrá aṣọ, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí kóró méjìlá dé orí irú.

Falilat fọwọ́ kan òwú tó wà lára wọn. Ó ní, "Ta ló dìrí fún igbó?"

"Èmi ni."

"Kojúsọ́kọ nìyí."

"Òun ni."

"Ọkọ dà?"

"Èyí tó wà láàárín. Bàbá Hidayah ní kí n fà á tu, ó ní kò yẹ kó bá wọn gbé. Ọwọ́ mi ò gbé e."

Falilat kà wọ́n. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Àdínì ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ èyí tó tọ́.

"Mẹ́rin," ló wí. "Kò kọjá ẹ̀tọ́. Fi ọkọ wọn sílẹ̀ fún wọn. Ṣé ìwé àwọn òyìnbó ló máa kọ́ wa nìyẹn?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìgbà wo ló máa gbó?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Màá dúró dè é. Gbé irú yẹn kúrò lórí iná, mo bẹ̀ ọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ní èmi ni mo ní kí o jó tùràrí."

Láti ọjọ́ náà, Mùlíkàt mọ ẹni tó ń gbin nǹkan náà fún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, Falilat ń rù sí i. Ó ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á jókòó sórí àpótí, á máa wo ewé bí ẹni tó wà lórí ìlà ní ilé ìfowópamọ́.

Opó ṣíṣe parí ní oṣù keje. Hidayah wà nílé, Sájẹ́ntì bá wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dúró sẹ́nu yàrá aṣọ. Ó wo bí wọ́n ṣe di orí àwọn ewé náà, ó ní òun kò rí irú iṣẹ́ ọwọ́ yìí rí láyé òun. Ó wá fi ìka la òdòdó kan sí méjì. Kóró ló kún inú rẹ̀. Ó la òmíràn, kóró. Ó rí èyí tó wà láàárín, tó ti gbẹ, tó tẹrí síwájú.

"Mọ́mì," Hidayah túmọ̀ díẹ̀díẹ̀, "ó ní ọkọ yẹn ti fi ìyẹ̀fun ara ẹ̀ fún gbogbo wọn lóyún. Ó ní gbogbo agbára wọn, ọmọ ni wọ́n fi ṣe. Ó ní ẹ̀ẹ́ rí díẹ̀ níbẹ̀. Díẹ̀ náà ni."

Díẹ̀ náà ni. Falilat lò ó bí Sájẹ́ntì ṣe ní kí wọ́n lò ó, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó tọ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó jẹ ẹ̀kọ odidi kan, ó tún ní kí wọ́n fún òun lẹ́ja. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ewé tán. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó tún ti ń bì.

Kóró ni kò tán. Agolo mílíìkì kan kún. Wọ́n gbin mẹ́fà lóṣù kẹjọ. Mùlíkàt tún di orí wọn, ó ti mọ̀ ọ́n ṣe báyìí, kò sí ẹ̀ka tó ṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé ìparí oṣù kẹwàá, tí Hidayah ò ní kíláàsì, Sájẹ́ntì wá wò wọ́n: abo márùn-ún, akọ kan. Ó nawọ́ kó fà á tu.

"Sọ fún un kó fi í sílẹ̀," Mùlíkàt wí fún Hidayah. "Èmi ni mo ṣèlérí, èmi ni màá fà á."

Sájẹ́ntì wò ó. Ó fa ribọ́ọ̀nù pupa yọ látinú àpò rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn akọ náà. Ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn kóró abẹ́ apá rẹ̀ á là, ìyẹ̀fun á tú sára àwọn abo, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Falilat pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. "Ṣé o ti fà á?"

"Mo ti múra, Alhájà."

"Mùlíkàt, gbọ́ mi. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí, mo ti kó o jẹ. Wọ́n ti di márùn-ún báyìí, ó ti kọjá ẹ̀tọ́. Fà á."

"Mo gbọ́."

Ó pè lọ́jọ́rú, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní omi ò dúró nínú òun mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, lọ́sàn-án, Mùlíkàt dín dòdò. Ó jẹ mẹ́ta fún Mùtàlíbù. Ó fọ ọwọ́, ó wọ yàrá aṣọ, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé garawa akọ sáàárín orúnkún. Ó tú ribọ́ọ̀nù náà, nítorí ó fún un lọ́rùn jù. Ó di ìdí rẹ̀ mú.

Fóònù ń dún lára ògiri ìdáná. Ó mọ̀ pé Falilat ni.

Kò tíì fà á tu.